Ẹ̀yìn ọmọ tó wọ́: ìgbà èwe ni ìtọ́jú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù



Ní ọjọ́ Àlàáàdì kan lẹ́yìn àsálátù, obìnrin kan dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń bọ́ bàtà sí. Ó gbé ọmọkùnrin kan dání, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá. Ó ní, "Aáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ọmọ yìí." Ó ká aṣọ ọmọ náà sókè. Mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ, èjìká kan sì wálẹ̀ díẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti sọ pé bó ṣe ń pọn ọmọ ló fà á. Aládùúgbò kan ní kó máa fi òrí àti omi gbígbóná fà á láràárọ̀. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ kí n ṣe dúà, kí n sì bá òun wá nǹkan tí wọn yóò so mọ́ ọmọ náà ní ìbàdí.

Mo ṣe dúà. Mo wá sọ fún un pé nǹkan sísomọ́ kọ́ ló kàn, kó gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba lọ́jọ́ Àtìní, kó sì ní dókítà eegun lòún fẹ́ rí. Ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ohun tó wá gbọ́ kọ́ nìyẹn. Nítorí tirẹ̀, àti nítorí ọ̀pọ̀ òbí tó wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ni mo ṣe ń kọ èyí.

Eegun ẹ̀yìn ènìyàn kì í ṣe ọ̀pá kan ṣoṣo. Eegun kéékèèké ni wọ́n tò léra wọn láti ọrùn dé ìdí, okùn tó ń gba iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sì gba àárín wọn kọjá. Tí a bá wo ènìyàn láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ní ibi tó tẹ̀ wọlé àti ibi tó yọ síta díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí a bá wò ó láti ẹ̀yìn, títọ́ ló yẹ kó tọ́. Tó bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, tó sì lọ́ bí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀, òun ni àwọn dókítà ń pè ní scoliosis. Lílọ́ yẹn ló ń ti eegun ìhà síta, tó fi dà bíi pé ẹ̀gbẹ́ kan wú. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn tẹ̀ síwájú, tí ibì kan sì yọ gọngọ lẹ́yìn, ohun tí àwa ń pè ní iké nìyẹn. Méjèèjì yàtọ̀ síra, ìtọ́jú wọn náà kò sì jọra. Màá padà sórí iké níwájú.

Bí wọ́n ṣe ń wọn wíwọ́ ẹ̀yìn ni ọ̀nà tí dókítà ará Amẹ́ríkà kan, John Cobb, gbé jáde ní 1948. Wọ́n á fa ìlà lórí àwòrán X-ray, ọ̀kan sórí eegun tó dagun jù lókè, ọ̀kan sábẹ́ èyí tó dagun jù nísàlẹ̀, wọ́n á sì wo iye dígírì tó wà láàárín ìlà méjèèjì. Tí kò bá tó dígírì 10, wọn kì í pè é ní scoliosis. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa bèèrè nọ́ńbà yìí, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ti rí bàbá tó gbé àpò X-ray ńlá dání láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn fún ọdún méjì, tí kò sẹ́ni tó sọ iye dígírì ọmọ rẹ̀ fún un rí, òun náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kóun bèèrè.

Kí ló ń fà á? Pípọ̀n kọ́. Kí ìyá ọkọ jọ̀ọ́ fi ìyàwó lọ́rùn sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Báàgì ilé-ìwé náà kọ́. Àwọn ọmọ kan wà tí eegun kan nínú ẹ̀yìn wọn kò parí dídá nínú oyún, tó jẹ́ ìlàjì ló wà níbẹ̀, ìlàjì yẹn á wá máa ti ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọmọ ti ń ga. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ tí ìyá lóyún nìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tiẹ̀ tíì mọ̀ pé àwọn lóyún, nítorí náà kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Ìgbà yẹn náà ni kíndìnrín àti ọkàn ń dá, ìdí nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń ní kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti ọkàn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò. Àwọn mìíràn wà tí iṣan ara wọn kò lágbára, bí àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn farapa nígbà ìbí. Iṣan wọn kò lè gbé ẹ̀yìn dúró. Àwọn tó kù, bí ọmọ inú ìtàn mi yìí, a kò mọ ohun tó fà á. Láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, apá òsì sì ni ẹ̀yìn wọn sábà máa ń wọ́ sí.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé nínú àwọn ọmọ ọwọ́ tí a kò mọ ohun tó fà á yìí, ọ̀pọ̀ ni ẹ̀yìn wọn máa ń padà tọ́ fúnra rẹ̀ láìsí oògùn. Ibi tí ìṣòro wà ni pé àwọn kan kì í tọ́. Ńṣe ni tiwọn ń le sí i bí wọ́n ti ń dàgbà, kíákíá sì ni. Lójú lásán, ọmọ méjèèjì jọra. Ta ló máa wá mọ èyí tó máa tọ́ àti èyí tí kò ní tọ́?

Dókítà obìnrin kan tó ṣiṣẹ́ ní Royal National Orthopaedic Hospital ní Stanmore, ní London, Min Mehta, ló rí ọ̀nà sí i. Ní 1972 ó kọ ọ́ jáde pé kí a wo bí eegun ìhà ṣe so mọ́ eegun ẹ̀yìn ní ọ̀tún àti ní òsì, níbi tí ẹ̀yìn ti wọ́ jù. Tí ìyàtọ̀ igun méjèèjì kò bá tó dígírì 20, ó ṣeé ṣe gan-an pé ẹ̀yìn náà á tọ́. Tó bá ju 20 lọ, ó ṣeé ṣe kó máa le sí i. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń lò ó káàkiri ayé. Nítorí náà, tí dókítà bá wo àwòrán ọmọ yín tó ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan. Ó fẹ́ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì ni. Kéèyàn dúró kó máa wọ̀n ọ́n, ìtọ́jú ni. Kéèyàn jókòó sílé kó máa ní "yóò dàgbà kúrò nínú rẹ̀", ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú.

Ìdí tí a fi ń kánjú

Kì í ṣe nítorí ẹwà. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ṣì ń dá àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tuntun sí i ní ọdún bíi mẹ́jọ àkọ́kọ́ ayé rẹ̀. Tí eegun ẹ̀yìn bá wọ́ tó sì lọ́ ní àkókò yìí, àyà á fún, ẹ̀dọ̀fóró kò ní ráyè dàgbà. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́ ti ní ẹ̀dọ̀fóró tó pé. Tirẹ̀ kì í sábà mú ẹ̀mí lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún márùn-ún, tí wọ́n fi sílẹ̀ tó le gan-an, lè mú kí ènìyàn máa mí gúlegúle nígbà tó bá dàgbà, ó sì lè gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú.

Ìdágbàsókè ọmọ yìí kan náà ni Mehta sì lò láti fi wò ó. Èrò rẹ̀ rọrùn: bí ọmọ bá ń yára dàgbà, tí a bá di ẹ̀yìn rẹ̀ mú ní títọ́, títọ́ ló máa dàgbà sí. Ẹni tó ń gbin igi mọ ohun tí mò ń wí. Ó mú ọ̀nà kan tí àwọn dókítà Faransé, Cotrel àti Morel, ti ń lò, ó sì lò ó fún àwọn ọmọ kéékèèké. Wọ́n á fún ọmọ lóògùn oorun, wọ́n á gbé e sórí tábìlì kan tó ní férémù, wọ́n á rọra fa orí àti ìbàdí rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ̀yìn lè nà, wọ́n á sì yí àyà rẹ̀ padà síbi tó yẹ kó wà. Bó bá ṣe wà báyẹn ni wọ́n á fi POP dì í láti àyà dé ìbàdí. Wọ́n á gé fèrèsé sí iwájú kí ikùn lè ráyè gba oúnjẹ, kí àyà sì lè mí. Bí ọmọ ti ń dàgbà, wọ́n á tú u, wọ́n á di tuntun: ní bíi oṣù méjì méjì fún ọmọ tí kò ju ọdún méjì lọ, kó tó di oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún èyí tó dàgbà díẹ̀.

Ní 2005 ó gbé àbájáde rẹ̀ jáde lórí ọmọ 136, gbogbo wọn kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Àwọn 94 tí wọ́n tètè gbé wá, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ bíi oṣù 19 tí wíwọ́ ẹ̀yìn wọn sì wà ní bíi dígírì 32, ẹ̀yìn wọn tọ́ padà. Nígbà tí wọ́n fi máa tó bíi ọdún mẹ́ta àbọ̀, ó ti parí. Àwọn 42 tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn wá jẹ́ bíi ọmọ ọdún méjì àbọ̀, tiwọn sì ti dé bíi dígírì 52. Ìtọ́jú dín tiwọn kù, ṣùgbọ́n kò mú un kúrò, iṣẹ́ abẹ ló sì gbẹ̀yìn 15 nínú wọn. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Oṣù mọ́kànlá péré ló wà láàárín ọjọ́ orí ẹgbẹ́ méjèèjì.

Ọmọ inú POP ń fẹ́ sùúrù. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ooru ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ẹ wọ ọmọ ní aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kó wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ kò gbọ́dọ̀ rì í sínú omi. Aṣọ tútù tí a fún dáadáa ni kí ẹ fi nu ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ẹ máa tètè pààrọ̀ pampasi kí ìtọ̀ má bàa gun POP. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta-mẹ́rin sí i lójúmọ́, dára ju kó yó lẹ́ẹ̀kan lọ. Tó bá ń yún un, ẹ má ki ọwọ́ ìgbálẹ̀ tàbí ṣíbí bọ inú rẹ̀, ẹ má sì da páúdà sí i. Tí ó bá ń bì léraléra, tí mímí rẹ̀ yí padà, tí òórùn burúkú ń jáde láti inú POP, tàbí tí ọmọ ń sunkún tí kò ṣe é rẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́la. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmọ á rìn, á sáré, á sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ìyá ló sábà máa ń sunkún jù ọmọ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ohun kan wà tó yẹ kí òbí bi dókítà. Oògùn oorun tí wọ́n ń fún ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń di POP kì í ṣe ohun tí a ń ṣe ní àṣejù. Ní 2016, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé lílò rẹ̀ léraléra tàbí fún wákàtí púpọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lè pa ìdàgbàsókè ọpọlọ lára. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ sá. Ẹ bèèrè ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n rò pé yóò jẹ́, àti bóyá ọmọ yín lè lo brace dípò, ìyẹn ẹ̀wù líle oníke tí wọ́n ṣe sí ìwọ̀n ara rẹ̀, tó ṣeé bọ́ fún ìwẹ̀. Àwọn dókítà kan ń lo brace lẹ́yìn POP kí ohun tí wọ́n ti rí gbà má bàa bọ́. Ibi tí ó ti máa ń kùnà ni ilé, nítorí pé ó ṣeé bọ́: ọmọ sunkún, ìyá àgbà bọ́ ọ, kò padà sí i mọ́.

Àwọn òbí tún máa ń bi mí nípa ìrun. Ọmọ tí kò tíì bàlágà, ìrun kò tíì di dandan lé e lórí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje tí ẹ ti ń kọ́ ní ìrun lè ṣe àlùwàlá pípé pẹ̀lú POP àyà, nítorí POP náà kò bo ojú, ọwọ́, orí tàbí ẹsẹ̀. Tí kò bá lè tẹ̀ dé ilẹ̀ fún ìforíkanlẹ̀, ibi tí agbára rẹ̀ dé ni kó tẹ̀ dé. Kí ẹnikẹ́ni má tú POP ọmọ nítorí ìrun.

Tí POP àti brace kò bá tó, iṣẹ́ abẹ ló kù. Fún ọmọ kékeré, wọ́n kì í fẹ́ lẹ ẹ̀yìn pọ̀ gbọin, nítorí ẹ̀yìn tí a lẹ̀ pọ̀ kò ní ga mọ́, àyà náà kò sì ní gbòòrò. Ọ̀pá irin tó ṣeé fà gùn ni wọ́n máa ń fi sí i. Ní bíi oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń ṣí i kí wọ́n fi gùn sí i. Irú èyí tí wọ́n ń fi mágnẹ́ẹ̀tì fà gùn láti ìta ara tún wà, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2014. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ń ná owó. Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà yìí, ilé ìwòsàn FOCOS wà ní Accra, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oheneba Boachie-Adjei, ọmọ Ghana, dá sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀yìn tó wọ́ kọjá bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọ tí tiwọn le gan-an máa ń kọ́kọ́ wà nínú ohun tí wọ́n fi ń fa orí sókè díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ẹ̀yìn lè rọ̀ kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án.

Iké tó ní oògùn

Nígbà tí mo wà ní ilé kéú, ọmọ kan wà láàárín wa tó ní iké. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Orúkọ tí à ń pè é, ẹ ò nílò kí n kọ ọ́. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀, mo sì ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ bíi tiwa. Ó rù, ó ń làágùn lóru, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀yìn mú tó bá fẹ́ dìde lórí ẹní. Tí wàláà rẹ̀ bá bọ́ sílẹ̀, kì í tẹ̀ mú un. Yóò rọra tẹ orúnkún ba, ẹ̀yìn rẹ̀ á le gbandi. A rò pé ó ń ṣe bí àgbà ni, a sì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni iké yọ. Àwọn àgbà ní kádàrá rẹ̀ ni. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí iṣẹ́ ìròyìn gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà eegun, tí wọ́n ń to àmì ikọ́ ife inú eegun ẹ̀yìn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ yẹn ni mo ń rí lójú mi.

Ikọ́ ife, TB, kì í jẹ ẹ̀dọ̀fóró nìkan. Ó máa ń wọ eegun ẹ̀yìn, á máa jẹ ẹ́ láti iwájú títí eegun á fi wó, ẹ̀yìn á sì yọ. Dókítà Òyìnbó kan, Percivall Pott, ti kọ nípa rẹ̀ láti 1779. Ọmọ lè ní in láì wúkọ́ rárá. Tí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè tẹ okùn inú ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì á sì kú. Ṣùgbọ́n oògùn wà, ọ̀fẹ́ sì ni ní àwọn ibi ìtọ́jú TB ti ìjọba ní Nàìjíríà. Bíi oṣù méjìlá ni wọ́n ń lò ó fún TB inú eegun ọmọdé, kò sì gbọ́dọ̀ já lágbede méjì, bí ara tiẹ̀ ti yá. Lẹ́yìn tí oògùn bá parí, ẹ má kúrò lójú dókítà. Nínú àwọn ọmọ kan, iké náà máa ń pọ̀ sí i bí wọ́n ti ń ga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò ti kú. Abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ TB tó burú jù. Ẹ má fi ti ọmọ yín jáfara.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń to eegun fi ń bà mí lẹ́rù. Mo mọ̀ pé wọ́n mọ apá tó kán tò, n kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí TB ti jẹ, tí ẹnì kan wá gun orí rẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ kó lè tọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ lè má lè rìn mọ́. Ti scoliosis náà, kò sí ìwọ́ra tàbí fífà tó ń tọ́ ọ, àkókò ìdàgbà ọmọ ló ń jẹ lọ.

Sí ẹ̀yin aáfà ẹlẹgbẹ́ mi: Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pàṣẹ pé kí a wá ìwòsàn. Tí wọ́n bá gbé irú ọmọ báyìí wá, ẹ ṣe dúà fún un, kí ẹ sì juwe ilé ìwòsàn. Ẹ má gba owó tí wọ́n ìbá fi ya X-ray. Owó sàká pẹ̀lú, tálákà tí ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú wà lára àwọn tó tọ́ sí. Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí kan lè fi san owó ọkọ̀ àti àwòrán ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lọ́dún. Ẹ̀yin tó wà ní Britain, GP yín ló máa kọ ìwé sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹ̀yìn ọmọdé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "ẹ ṣì ní sùúrù" dá yín padà láìsí X-ray. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé ìwòsàn Shriners ń tọ́jú ọmọdé láìwo ohun tó wà lápò òbí.

Nílé, ìgbà ìwẹ̀ ni kí ẹ wò ó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó lè dúró tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ ṣe rùkúù, kí ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ? Ṣé èjìká tàbí ìbàdí kò dọ́gba? Ti ọmọ ọwọ́, ẹ dà á bolẹ̀ lórí itan yín kí ẹ wò ó. Ẹ wo bóyá irun tàbí àpá dúdú kan wà láàárín ẹ̀yìn, nítorí ó lè jẹ́ àmì pé ohun kan wà nísàlẹ̀. Tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ rí i, bóyá ó ń dun ọmọ, bóyá ẹnikẹ́ni nínú ilé ń wúkọ́. Ẹ tọ́jú gbogbo X-ray, ti àkọ́kọ́ pàápàá.

Obìnrin tí mo sọ yẹn lọ ní ọjọ́ Àtìní náà. Dígírì 24 ni wọ́n rí, ìyàtọ̀ eegun ìhà rẹ̀ sì jẹ́ 17. Wọ́n ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó kọ nọ́ńbà méjèèjì sẹ́yìn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ náà. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọn yóò ya àwòrán kejì.